Olú tó jọ ẹran

Ìyàwó kì í bu omi sí olú tó bá ń sè é.

Á fi ọwọ́ fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á dà á sínú ìkòkò gbígbóná títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ tán, kó tó wá fi òróró, àlùbọ́sà àti ata sí i.

Bí ẹran ló ṣe ń rí lẹ́nu.

Ìkòkò tuntun ló rà sọ́tọ̀ fún un, èyí tí ẹran ò kàn rí títí dòní, torí pé ìyá ọkọ rẹ̀ ò jẹ ẹran mọ́.

Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé tí màmá ti ń jẹ olú yìí.

Ẹnu tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ náà ni wọ́n fi ń bú ìyàwó. "Oúnjẹ ọwọ́ ẹ ló gbé ọmọ mi dé ilé ìwòsàn."

Ìyàwó á ní, "Ẹ jẹun, mà," á sì máa kó o sínú.

Màmá ń jẹun lọ́wọ́ báyìí nígbà tí fóònù dún. Ìyàwó gbé e.

Ilé ìwòsàn ni. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì sọ ọ́ fún màmá.

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ màmá. Wọ́n ká ọwọ́ lérí.

"Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run. Mo ní tí ẹran ò bá ti kan ẹnu mi, ọmọ mi á dìde. Ẹran ò sì kàn án."

Ìyàwó kúnlẹ̀ tì wọ́n. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ata kúrò lẹ́nu wọn, jẹ́jẹ́.

"Ẹ dárí jì mí, mà," ó ní. "Adìẹ ni mo ti ń sè fún yín láti ọjọ́ kìíní."