Páráṣúùtì Tó Fò Wálẹ̀ Jù

Láti ìgbà tí káfíńtà ti já bọ́ lórí àkàbà níbi tó ti ń tún òrùlé ara rẹ̀ ṣe, gbogbo Sátidé ni Àwòdì ń wá sílé rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí páráṣúùtì ẹlẹ́ńjìnnì tó fi ń fò: àga lórí táyà mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lókè.

Bó bá ti dé, á pọnmi, á fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, á bá ìyàwó káfíńtà yí ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó.

"Rọra o! Ènìyàn lo gbé dání, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì."

"Màmá, ẹ́ńjìnnì gan-an ò wúwo tó Bàbá."

Ẹ̀rín wọn kì í pẹ́. Káfíńtà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ojú nìkan ló ń yí.

Ní Sátidé yìí, Àwòdì kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní fífò kì í yé kìlọ̀ fún wa: bí ẹ bá fò wálẹ̀ jù, wáyà iná ò ní yà fún yín, igi ò ní yà, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò sì mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Etí mi gbọ́ ọ. Mo kàn fẹ́ juwọ́ sáwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹ ti wà nílẹ̀."

Káfíńtà ò wò ó. Ìyàwó rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

"Ẹ ò rí i, Màmá? Wọn ò tiẹ̀ fẹ́ fojú kàn mí."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Obìnrin náà ń tún ìrọ̀rí ṣe. Ó ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀.

Àwòdì dìde.

"Ní Mọ́ńdè, mo máa dá ìwé àṣẹ tí mo fi ń fò padà. Kò sóhun tí mo fẹ́ràn tó fífò láyé, ṣùgbọ́n ó parí nìyẹn. Àwọn tá a jọ ń fò ní kí n mú sùúrù, pé bóyá ẹsẹ̀ Bàbá ló yọ̀. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, Màmá. Bẹ́ ẹ bá ní ariwo ẹ́ńjìnnì mi kọ́ ló ṣe é, màá gbà."

Obìnrin náà wo korobá omi tí Àwòdì ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn.

"Ariwo yẹn ni," ó ní. "Òun ló já a láyà."

Àwòdì mi orí. Ó mú ìnujú, ó nu omi tó ń ṣàn lójú káfíńtà, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ tí káfíńtà já bọ́, ó ti wà nílẹ̀ kí ariwo ẹ́ńjìnnì kankan tó dé àdúgbò, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sì ṣì wà lára àkàbà tó fi ìbínú mì lábẹ́ rẹ̀.