Ihò Àtàǹpàkò

Àjíkẹ́ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fọ bàtà kánfáàsì ọkọ wọn.

Ìyá Múyì, ìyálé rẹ̀, ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń jí ẹrù rẹ̀ kó lójú ara rẹ̀.

Òun ló ra bàtà náà ní Ṣáṣá, kí ìyàwó tó wọlé dé.

Òun ló gé ihò sí ti òsì nígbà tí egbò mú ọkọ wọn ní àtàǹpàkò.

Àjíkẹ́ fi kàn-ìn-kàn-ìn gbo ìdọ̀tí kúrò. Ó po ẹfun mọ́ omi, ó fi àkísà kùn ún. Bàtà funfun báláú.

"Ṣé ìwọ nìkan lo lọ́kọ ni?"

"Ìyálé mi, ẹ̀yin náà ò kúkú fọ̀ ọ́."

Káfíńtà ń kan pákó lẹ́yìn ilé.

Àjíkẹ́ mú abẹ́rẹ́, ó fi aṣọ funfun dí ihò náà, ó rán an pa.

Èyí ni Ìyá Múyì kò lè gbà. Ta ló ń wẹ egbò yẹn láràárọ̀? Kì í ṣe Àjíkẹ́.

"Bàtà yẹn á máa dùn ún lẹ́sẹ̀. O ò mọ ọkọ tó o fẹ́."

Àjíkẹ́ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ìyálé mi, kò ní dùn ún mọ́."

Ìró òòlù dákẹ́. Káfíńtà yọjú, ó ní pósí ti parí.

Ìyá Múyì gba bàtà òsì. Ó fi eyín já òwú, ó ṣí ihò náà padà.

"Ẹsẹ̀ òsì ni tèmi," ni ó wí. "Ìwọ lọ wọ ti ọ̀tún fún un."