Ìwé Orúkọ Àwọn Tó Wá Gbọ́rọ̀

Omi tán lẹ́yìn ẹja fún Dókítà Ìbídùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò tí òun fúnra rẹ̀ fọdún kan bẹ̀ kó wá sọ̀rọ̀ ti dúró níwájú gbọ̀ngàn, ilẹ̀ ń ṣú, iná ti lọ, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lórí àga. Ìgbéga Ìbídùn lẹ́nu iṣẹ́ sì rọ̀ mọ́ ìpàdé yìí.

"Olúwa, ẹni yòówù kó jẹ́, kó ṣáà wọlé," ló gbà ládùúrà sínú. Ó wá sọ síta pé, "Ẹ má bínú, sà, wọ́n ń bọ̀."

"Wọ́n ti dé," ni àlejò wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Àga kan dún lẹ́yìn Ìbídùn. Òmíràn dún. Ẹnìkan wúkọ́. Ìbídùn kò lè bojú wẹ̀yìn.

Ọwọ́ tútù kan na ìwé orúkọ tó fi sẹ́nu ọ̀nà sí i. Orúkọ ti kún un. Ìlà kan ló ṣẹ́ kù.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ kù, mà."