Ẹni Tó Ṣí Ọ̀bẹ Ni Kó Pa Á Dé

Dewey gbé ọ̀bẹ dúdú kan, irú èyí tí wọ́n ń ká sápò, lé orí káńtà.

"Irú èyí táwọn sójà ń lò nìyí, mà. Ẹ wo eyín ẹ̀."

Ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ni Dewey ń tọ́jú, nílùú kékeré kan ní Tennessee. Ìyá àgbà tó dúró níwájú ẹ̀, Arlene, ò bá a wo eyín kankan. Ó ṣí ọ̀bẹ náà, ó yọ ápù kan látinú báàgì ẹ̀.

Ọ̀bẹ ò gé ápù. Ṣe ló là á bí ààké ṣe ń la igi.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ síbi àpò oúnjẹ adìẹ kan, ó fi ọ̀bẹ fa okùn ẹnu ẹ̀. Eyín ọ̀bẹ há sí okùn, okùn ò já.

"Àbí ápù ni mo fẹ́ bá jagun?"

Ara ń ta Dewey. "Ẹnu yín mú ju ọ̀bẹ lọ, mà."

"Ó kúkú yẹ kí nǹkan kan mú níbí."

Ó na ọ̀bẹ náà sí Dewey ní ṣíṣí. Dewey fà sẹ́yìn.

"Ẹ pa á dé o. Ẹni tó bá ṣí ọ̀bẹ ni kó pa á dé, kí oríburúkú má bàa wọlé. Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ wa."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí nìyẹn."

"Iṣẹ́ wo, mà?"

Ìyá pa ọ̀bẹ náà dé, ó gbé e lé káńtà.

"Èmi ni mo ya àwòrán ọ̀bẹ yìí fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Èyí tí mo kọ́kọ́ yà ń gé ápù dáadáa. Ọ̀gá mi ní kò dẹ́rù bani.

"Mo ní kó máa fi ẹ̀rù gé ápù jẹ."