Ojú Lásán La Fi Ń Wo Oṣù

Abdulmujeeb jókòó sórí àga ní ilé ìwòsàn ojú kan ní Lafiaji, ó ń ka lẹ́tà tó wà lára ògiri. Ó ka ìlà kẹta tán, ó ka ìkẹrin. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, gbogbo lẹ́tà wọ inú ara wọn.

"Léésà, iṣẹ́ abẹ oníná tí a kọ́kọ́ ṣe sójú yín, ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú àìríran yín kúrò," Dókítà Fìyìnfólúwa wí. "Èyí tó ṣẹ́ kù ò tó nǹkan. Ẹ máa wọ gíláàsì."

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, gíláàsì ò ṣeé fi wo oṣù. Ẹ bá mi tún un ṣe."

Ìjẹ̀ṣà ni Dókítà, oníṣọ́ọ̀ṣì sì ni; Abdulmujeeb ní láti ṣàlàyé fún un. Agboolé wọn ní Olówógbowó ló ń wo oṣù fún mọ́sáláṣí àdúgbò. Ní ìparí Ramadan, èèyàn méjì gbọ́dọ̀ rí i kí wọ́n tó kéde ìtúnu ààwẹ̀. Ojú lásán sì ni, òfin bàbá bàbá rẹ̀ nìyẹn: kò sí gíláàsì, kò sí fóònù. Ogójì ọdún ni bàbá rẹ̀, Àáfà Salahudeen, àti Ṣéhù àbúrò wọn fi jọ ń gun òrùlé. Ṣéhù ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí Ṣéhù kú, ó kan Abdulmujeeb.

Ohun tí kò sọ fún dókítà ni ti èṣí. Bàbá na ìka sókè: "Òun nìyẹn! O rí i?" Kùrukùru ni Abdulmujeeb rí. Àwọn èèyàn ti kún àgbàlá nísàlẹ̀, wọ́n ń retí. "Mo rí i, Bàbá." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jẹ́rìí fún Lèmọ́ọ̀mù, gbogbo àdúgbò sì jẹun lọ́jọ́ kejì.

"Bàbá rí tiwọn; èmi ni mo parọ́," ó sọ fún Basheerah ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìtúnu náà. "Ààwẹ̀ gbogbo àdúgbò ń bẹ lọ́rùn mi. Háà, mo gbé o!" Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

"Ara ẹyinjú yín ti fẹ́lẹ́," Dókítà wí nígbà tó gbọ́ àlàyé rẹ̀ tán. "Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ló kù. Tí kò bá yọrí sí rere, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ sì lè má ríran tó báyìí mọ́."

"Mo gbà."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é, Bàbá bá a lọ. Bàbá di èjìká rẹ̀ mú láti inú takisí títí dé inú yàrá. Wọ́n ní kó má baà ṣubú. Bàbá bẹ Dókítà:

"Dókítà, ẹ bá mi ṣe é dáadáa. Ojú yìí nìkan ni mo ní."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yẹ tiyín náà wò."

"Tèmi kẹ̀?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo ti ń wo oṣù kí wọ́n tó bí yín?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Abdulmujeeb fi ń kán oògùn sójú. Ní àràárọ̀, Bàbá á jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Kùránì á wà lórí itan wọn, wọ́n á máa ké e láìṣí ojú ewé kankan. Ó ti wà lórí wọn láti kékeré. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á bi í pé, "Mujeeb, kí lo rí lónìí?"

"Mo rí ẹyẹ kan lórí ọ̀pá iná, Bàbá."

Bàbá á ní kó tún un sọ.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Ramadan pé. Bí oòrùn ṣe wọ̀, bàbá àti ọmọ gun òrùlé. Láti èṣí, Bashiru aládùúgbò wọn ti fi àjà méjì lé ilé rẹ̀, ògiri búlọ́ọ̀kù náà sì ti dí ọ̀pọ̀ ojú ọ̀run. Abdulmujeeb ti búra nínú ara rẹ̀: tí kò bá rí i lónìí, yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ́wọ́ fún Lèmọ́ọ̀mù, kí iṣẹ́ náà kúrò nílé wọn. Ó sún sí ọ̀tún, níbi tí omi ti hàn. Ó wò, ó wò. Ó rí i lókè Àpápá, tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná ọmọ ọwọ́. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Alhamdulillahi," ó sọ ọ́ sínú.

Kó tó yíjú láti pe Bàbá, ó gbọ́ igbe wọn lẹ́yìn rẹ̀, "Òun nìyẹn! O rí i?", nígbà tó sì wẹ̀yìn, ó rí ìka Bàbá kedere, ó nà gbọọrọ síbi tó nà sí ní èṣí gan-an, sára ògiri búlọ́ọ̀kù Bashiru.