Kò Sẹ́ni Tó Ń Sọ̀ Kalẹ̀

"Ìjọba ni kó gba ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn olówó!" Bàbá kan ló ń pariwo láti ìjókòó iwájú nínú bọ́ọ̀sì takisí tó ń bọ̀ láti Mdantsane, ní South Africa.

"Iná tó wà lọ́wọ́ ìjọba ńkọ́, ṣé ẹ ń rí i lò, bàbá?" Màmá Nosakhele tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ bi í.

"Ṣé àwọn olówó tó lé ọmọ yín níṣẹ́ lẹ̀ ń gbèjà?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Mncedisi ò rẹ́rìn-ín. Ó há sójú fèrèsé lẹ́yìn pátápátá, òógùn ti mu ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó yá wọ̀.

Ilé-iṣẹ́ bàtà tó wà níwájú ń wá òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló yọ́ ọ sọ fún un: "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o."

Ṣùgbọ́n dírẹ́bà kì í dúró àfi bí èrò bá pariwo. Tí Mncedisi bá sì pariwo, gbogbo aláìníṣẹ́ inú ọkọ̀ á fura.

Kí ẹlòmíì pe "ó wà." Ẹnì kan ṣáà máa ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà yọ.

Àríyànjiyàn rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Bàbá yẹn tẹjú mọ́lẹ̀. Màmá Nosakhele ń fọwọ́ yí bọ́tìnnì.

Géètì ń kọjá lọ.

"Ó wà o!" Mncedisi figbe ta.

Kí ọkọ̀ tó dúró, bàbá yẹn ti ṣílẹ̀kùn. Màmá Nosakhele bẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e. Gbogbo èrò ń tú jáde.

"Ta ló sọ fún ẹ?" ẹni tó jókòó tì í bi í tìbínú-tìbínú, ó bẹ́ síta.

Wọ́n ti ń sáré padà sí géètì.

Dírẹ́bà bojú wẹ̀yìn. "Èwo nínú wọn ló ní ó wà?"

Mncedisi ló pariwo. Òun nìkan ló ṣì kù nínú ọkọ̀.