Ijó Màmá ní Wọ́ọ̀dù Ọkàn

Ìyá mi, Nakayiza, ń jó ní wọ́ọ̀dù ọkàn ní Kampala, ó ká aṣọ gòmẹ́sì rẹ̀ sókè.

Nọ́ọ̀sì Akello ń lé e kiri. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó! Ilé ìwòsàn nibí o!"

"Ṣé èmi ni mo ní kíwọ náà má jó?"

Lánàá, kò sẹ́ni tó lè jẹun nínú wa. Iṣan ńlá tó ti inú ọkàn mi jáde ti wú níbi tí wọ́n rán lọ́dún tó kọjá. Bó bá bẹ́, ó parí nìyẹn. Dókítà sì ní àwọn ò lè la àyà lẹ́ẹ̀kejì.

Ni wọ́n bá gba itan mi wọlé láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín gba inú iṣan lọ sókè, wọ́n sì fi awọ tuntun tẹ́ inú ibi tó wú, kó má bàa bẹ́ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi Nabbosa ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ewúrẹ́ ò lè fò tó báyìí!"

"Ewúrẹ́ ló bí ẹ nìyẹn!"

Gbogbo wọ́ọ̀dù ń pàtẹ́wọ́.

Lójijì, Màmá dúró. Ó wá síbi bẹ́ẹ̀dì mi, ó rọra gbé etí lé mi láyà, lórí àpá ọdún tó kọjá.

"Ẹ dákẹ́ ariwo, gbogbo yín!" ló kígbe. "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọkàn ọmọ mi."